Ààrò Mẹ́ta: Ìtàn Ẹgbẹ́ Olórin BLO

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò àṣekágbá sílẹ̀ kọ àròkọ lórí orin ìgbàlódé láàárín àwa Yorùbá, orúkọ ọ̀gá ni yóò tò láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Yóò dárúkọ I. K. Dáíró, yóò dárúkọ Ebenezer Obey àti Sunny Adé, yóò dárúkọ Haruna Ìṣọ̀lá àti Fẹlá. Bí ó bá gbọ́n díẹ̀, yóò fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ta ni ó ń ta jìtá lẹ́yìn ọ̀gá, ta ni ó ń lu ìlù, kẹ́kẹ́ yóò pa. N kò dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi o. Àwa tí a ń kọ́ wọn ńkọ́, mélòó nínú wa ni ó lè dáhùn?

Ẹgbẹ́ kan wà tí ìbéèrè yìí kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú nípa rẹ̀, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an ni ìdáhùn. BLO ni wọ́n ń jẹ́. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1972. B dúró fún Berkley Jones tí ó ń ta jìtá; L dúró fún Láolú Akíntóbi, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Láolú Akins, tí ó ń lu ìlù; O sì dúró fún Mike Gbénga Odùmósù tí ó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn eléré ń pè ní béèsì. Ẹni mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta. Kò sí agbo elégbè, kò sí onífèrè, kò sí ọ̀gá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àtitú orúkọ wò lè ṣàkíyèsí pé àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orúkọ ara wọn wá, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni ẹnì kẹta mú wá. Bí ó bá ṣe Mike ni ó mú wá ni, ahọ́n kì bá tí rí ọ̀nà pe orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ orúkọ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ tí a mọ̀ ní àdúgbò wa. Ní Ìmọ̀tà níbí, bí ẹ bá wo aṣọ ẹgbẹ́ tàbí pátákó ẹgbẹ́, gbólóhùn ni wọ́n sọ di orúkọ: Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìṣọ̀kan. Bí ẹnì kan bá jáde, bí ẹlòmíràn bá wọlé, orúkọ kò mì, nítorí pé kò sí ẹni tí orúkọ náà ń pè. Ti BLO kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan ni ó wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá dìde lọ, lẹ́tà rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ bí àga tí ẹni tí ó ni ín kò jókòó lé mọ́. Lórí ọ̀rọ̀ àga yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò ṣàdédé hù bí olú. Jones àti Láolú ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ The Clusters ṣáájú ọdún 1970, ní ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń fara wé The Beatles ní ìmúra àti ní orin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ Afro Collection, níbi tí Odùmósù àti àwọn ìbejì obìnrin nì, Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, ti wà pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 1971, Ginger Baker, onílù ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lókìkí nínú ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà. Ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì kó àwọn ọmọ Èkó jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí ó pè ní Salt. Jones, Láolú àti àwọn ìbejì Líjàdù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣeré ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì níbi àjọ̀dún àṣà tí ó bá eré ìdárayá Òlíńpíìkì ọdún 1972 rìn. Iyọ̀ ni Salt túmọ̀ sí ní èdè wa. Bí iyọ̀ ni ó sì ṣe yọ́. Lẹ́yìn tí ó yọ́ tán ni BLO yọjú.

Mo rò pé ohun tí wọ́n rí ní ilé ẹlòmíràn ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Baker ni ó ni Salt. Ọjọ́ tí ó sú u ni ó parí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní ohunkóhun tí wọ́n lè dì mú. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí ó bá wá fẹ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnì kan tún ni ín lẹ́yìn òun.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ó le, tí ó ń ké. Àwọn àgbà a máa sọ pé ariwo ni. Jìtá oníná ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọn a yí ohùn rẹ̀ sókè débi pé gbohùngbohùn kò ní lè gbé e jáde ní mímọ́ mọ́. Ohùn náà yóò máa ya, yóò máa han, yóò sì fi ìrùkẹ̀rùdò sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Èmi kò gbà pé etí ọmọ Yorùbá ṣe àjèjì sí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Kí ni a fi ṣaworo sí i létí fún? Àwọn aláyàn kò fẹ́ kí ohùn ìlù jáde ní òun nìkan. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan máa mì, kí ó máa wọ́ tẹ̀ lé e. Èyí tí òyìnbó ń fi iná mànàmáná ṣe, idẹ ni àwọn baba wa fi ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, jìtá rọ́ọ̀kì kò sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè túmọ̀. Ìyẹn ni ó mú kí ó pẹ́ kí ó tó wọ àwọn ará ilé wa létí.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwọn Cream pàápàá, mẹ́ta ni wọ́n: Baker, Jack Bruce àti Eric Clapton, láti ọdún 1966 sí 1968. Nínú ẹgbẹ́ jùjú tí ó kún fún ogún ènìyàn, ẹnì kan nínú àwọn oníjìtá lè dẹ ọwọ́ kí ó jẹ mọ́ínmọ́ín, oníjó kò ní mọ̀. Nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́ta, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí. Bí béèsì bá dákẹ́, ilẹ̀ yóò là lábẹ́ orin. Ní ọdún 1973, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí gbajúgbajà kan ní Èkó níbí. Paul McCartney, tí ó ti wà nínú The Beatles, ń bọ̀ wá gba àwo orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Ẹni márùn-ún ni ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings. Nígbà tí ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀, oníjìtá wọn, Henry McCullough, kúrò. Onílù wọn, Denny Seiwell, náà kúrò. McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine nìkan ni wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú. McCartney fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù. Àwo náà ni *Band on the Run*, èyí tí ó tà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: orúkọ ta ni gbogbo ènìyàn rántí? Wings di ẹni mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ó béèrè àwọn méjì tí ó kù, nítorí pé ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1973 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo àkọ́kọ́ BLO jáde. *Chapter One* ni wọ́n pè é, bí ẹni pé ìwé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò tà tó bí wọ́n ti retí. Wọ́n kúrò ní EMI, wọ́n bọ́ sí Afrodisia, wọ́n sì ń ka àwọn àwo wọn lọ ní ẹní, èjì: *Phase II*, *Step Three*, títí dé *Phase IV* ní ọdún 1976. Mo fẹ́ràn kíkà yìí púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọ̀gá kò nílò irú rẹ̀. Àwòrán ọ̀gá lára páálí àwo ti tó láti so èyí tí ó kọjá mọ́ èyí tí ń bọ̀. Àwọn tí kò ní ọ̀gá ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kà á, kí ẹni tí ó ń gbọ́ má baà rò pé ẹgbẹ́ mìíràn ni.

Ó sì ní ohun tí wọ́n nílò láti so pọ̀, nítorí pé láàárín kíkà yìí ni Odùmósù lọ. Osibisa ni ó lọ bá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ Osibisa, tí Teddy Osei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Gánà dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1969, ti gba òkìkí kárí ayé nígbà náà. Ẹgbẹ́ àgbárí jọ ni tiwọn, àwọn ará Gánà, àwọn ará erékùṣù Karibíà, àti ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, Loughty Lassisi Amao, tí ó ń fọn fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976, orin wọn "Sunshine Day" wọ inú ogún orin tí ó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò ní tọ̀ ọ́? N kò rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí ẹsẹ̀ gbà jáde kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀.

Biddy Wright ni ó bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọlọ́wọ́ púpọ̀ ni Wright: ó mọ jìtá, ó mọ béèsì, ó mọ dùùrù òyìnbó. Nísinsìnyí, ẹ wá fi orúkọ ṣe ìṣirò. B wà, L wà, B mìíràn dé. BLO kọ́ ni ìyẹn mọ́ bí a bá ka lẹ́tà bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò yí i padà. Orúkọ tí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn mẹ́ta ti di orúkọ lásán, bí orúkọ ìlú tí kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Orin pàápàá yí padà. Igbe jìtá rọlẹ̀, ijó wọlé. Ìgbà tí orin dísíkò gba ìlú kan, àwọn náà bá a lọ.

Àbúrò bàbá mi ni ó kọ́kọ́ fi orin wọn hàn mí. Oníbéèsì ni òun náà. Ó ta á fún ọdún mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ jùjú kan tí ó ń ṣeré káàkiri Ìkòròdú, Ìmọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ni wọ́n ń dúró níbi ìnáwó. Iwájú orí ọ̀gá ni owó ń lẹ̀ mọ́. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti kà á ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Wọ́n gbé àwo méjì jáde. Àwòrán ọ̀gá ni ó wà níwájú páálí, òun náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi dé ibi ìnáwó, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti gbé béèsì kọ́rùn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé wọ́n ti lé e. Ó ní eré náà dùn ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ó ti máa ń dùn, òun sì dúró gbọ́ ọ díẹ̀ kí òun tó wá ọkọ̀ padà sílé.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá ń jiyàn lórí BLO, ohun tí ó ń sọ yàtọ̀ sí tèmi. Ó ní kí wọ́n pa orúkọ dà ní ọjọ́ tí O lọ. "Tíṣà," bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pè mí, "bí wọn kò bá pa á dà, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ẹni tí ó lọ àti ẹni tí ó dé. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ ọ̀kan, wọn kò sì fún èkejì." Èmi sọ fún un pé bí wọ́n bá pa á dà, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí *Chapter One* lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjà kò sì ní dúró dè wọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjà ni mo ń sọ, pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni òun ń sọ.

Mo gbé àríyànjiyàn yìí wọ kíláàsì ní ọjọ́ tí a ń kọ́ àwọn ìlù ilẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo dùndún, a ní ìyáàlù, kẹ̀rìkẹ̀rì, gángan, ìsáájú, kànàngó àti gúdúgúdú. Bí onígúdúgúdú bá kú, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ni yóò mú bílálà rẹ̀, agbo kò sì ní yí padà. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rí ohun tí èmi kò tíì sọ. Ó ní Àyànwálé, Àyàndélé, Àyàntúnjí, ènìyàn ni ó ń gbé orúkọ agbo kiri níbẹ̀. Ti BLO ni agbo fi ń gbé orúkọ ènìyàn kiri. Bí Àyàndélé bá kúrò ní agbo kan, ó mú Àyàn dání lọ sí òmíràn. Odùmósù kò lè mú O lọ sí Osibisa. Mo fún un ní máàkì tí ó pọ̀ ju èyí tí iṣẹ́ náà ní lọ.

Láàárín àwọn onílùú jùjú, ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí, nítorí pé ọ̀gá ni ó ni orúkọ, ó sì lè pa á dà bí ó ti wù ú. Dáíró fi Morning Star sílẹ̀, ó mú Blue Spots. Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Green Spots ní ọdún 1967, ó sì di African Beats. Obey pa International Brothers dà sí Inter-Reformers. Kò sí ẹni tí ó ṣìnà, ojú ọ̀gá ni wọ́n ń wò. Ti Fẹlá kò jìnnà sí i. Lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú rẹ̀. Tony Allen, onílù tí ó bá a dá ìlù Afrobeat sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó lọ. Fẹlá kó àwọn mìíràn jọ, Africa 70 di Egypt 80. Ọ̀gá kan náà, ilé tuntun.

Àwọn kan gbìyànjú àtijọ ni orúkọ. Ní ọdún 1977, Ṣínà Peters àti Ṣẹ́gun Adéwálé, tí àwọn méjèèjì ti jáde láti inú ẹgbẹ́ Prince Adékúnlé, so orúkọ wọn pọ̀ di Shina Adewale. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Kò ju ọdún bíi mẹ́ta lọ tí wọ́n fi pín. Kò sí èyí tí ó lè mú orúkọ náà, nítorí pé ìdajì ẹnì kejì wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n orúkọ tí mo ti rí, èyí ni ó dára jù lójú mi: orúkọ tí ó ń kú nígbà tí àdéhùn bá kú.

Ọ̀rọ̀ Ṣínà Peters yìí mú wa padà sí BLO lọ́nà tí n kò kọ́kọ́ fura sí. Àwo *Ace*, tí ó mú kí gbogbo ìlú máa jó Afro-Jùjú láti ọdún 1989, Láolú Akins ni ó darí gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìkánjú ìlù tí ó wà nínú àwo yẹn, tí àwọn onijùjú àgbà ń kùn sí, ọwọ́ onílù rọ́ọ̀kì ni ó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Berkley Jones ni ó darí *For the Love of You*, àwo àkọ́kọ́ Onyeka Onwenu, ní ọdún 1981. Biddy Wright náà kò jókòó: òun ni ó wà nídìí àwọn àwo tí àwọn ìbejì Líjàdù ṣe fún Afrodisia láti orí *Danger* ní ọdún 1976 títí dé *Horizon Unlimited* ní ọdún 1979. Ọ̀pọ̀ ohun èlò orin tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, òun nìkan ni ó ń ta wọ́n. Bí a bá fi orúkọ BLO nìkan wá ìtàn wọn, a ó rò pé ó parí ní ọdún 1982 pẹ̀lú *Back in Time*. Bí a bá fi àwọn ènìyàn wá a, a ó rí i pé ó wà nínú ilé àwọn tí kò gbọ́ orúkọ BLO rí.

Ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ṣa àwọn orin wọn jọ ní ọdún 2001, wọ́n pè é ní *Phases 1972–1982*. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ wọ́n ti ń wá wọn kiri. Lọ́dún tó kọjá, mo to àwọn orin BLO sórí fóònù bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, mo sì gbé e lọ bá àbúrò bàbá mi. N kò sọ èyí tí ó jẹ́ ti ọdún wo fún un. Ó di ojú, ó ń fi ìka lu apá àga. Nígbà tí a dé àwọn orin ìgbẹ̀yìn, ìka rẹ̀ dúró.

"Oníbéèsì yìí kọ́ ni ti ìṣáájú," ni ó wí.

Mo sọ orúkọ Biddy Wright fún un. Ó ní kí n tún un pè.